Nǹkan funfun tó ń mira nínú ìgbẹ́ ọkọ mi: ṣé aràn pẹlẹbẹ ni, ṣé ó sì lè dé ọpọlọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kárà màlúù ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ṣakí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń rí nǹkan funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́ ẹ̀, nígbà míì inú bọ́kísà ẹ̀ ló ti máa rí i, ó sì máa ń mira. Inú máa ń run ún díẹ̀díẹ̀ àmọ́ kò rù, ó ń jẹun dáadáa. Ìyá ẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. A ra oògùn aràn ní kẹ́mísì, ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò lọ. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ṣé ó wá lè jẹ́ tapeworm? Kí ni àmì ẹ̀ gan-an? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ó máa ń gun orí lọ sínú ọpọlọ, mi ò rí oorun sùn látìgbà yẹn.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ fi máa rí oorun sùn lálẹ́ òní. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ aràn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tapeworm, ó jọ ọ́ gan-an ni, ó sì jọ irú tó ń wá látara màlúù, irú yẹn kì í lọ sínú ọpọlọ èèyàn. Oògùn ẹ̀ wà, ó sì máa ń tètè gbọ́ oògùn. Àmọ́ ó jọ ọ́ ni mo sọ o, mi ò tíì sọ pé òun ni, torí irú tó ń wá látara ẹlẹ́dẹ̀ náà máa ń já ní ègé funfun bẹ́ẹ̀, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ tí wọ́n sọ fún yín yẹn. Láàbù ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ láàbù niṣẹ́ mi, mo máa sọ bá a ṣe ń ṣe é fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ àmì ná, torí òun gan-an lẹ béèrè. Àmì tó lágbára jù ni èyí tí ọkọ yín ti rí yẹn, ìyẹn ègé ara aràn tó ń bá ìgbẹ́ jáde tàbí tó ń dá jáde fúnra ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń dúró de àmì míì, wọ́n rò pé ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ máa jẹ àjẹìyó kó sì máa gbẹ lójoojúmọ́, tí wọn ò bá ti rù, wọ́n á ní kì í ṣe òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní aràn yìí ni kò mọ nǹkan kan lára, wọ́n á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa sùn, aràn tó gùn tó mítà 5 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á sì wà nínú ìfun wọn fún ọdún mélòó kan.

Àwọn tó bá tiẹ̀ ń mọ̀ ọ́n lára, nǹkan kéékèèké ni. Inú á máa run wọ́n níwọ̀nba, àwọn kan á ní ó máa ń rọlẹ̀ táwọn bá ti jẹun, èébì á máa gbé wọn, inú á máa kún, ìgbẹ́ á ya gbuuru lónìí, á tún le lọ́la, orí lè máa fọ́ wọn, ìdí á máa yún wọn. Oúnjẹ lè má wu ẹnì kan jẹ, ebi sì lè máa pa ẹlòmíì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rírù wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rù, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹni tó ń wọ ṣòkòtò nìkan ló máa mọ̀ pé ìdí ṣòkòtò ti fẹ̀ díẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀, kí ègé kan lọ há sí apẹ́ńdíìsì tàbí ọ̀nà tí òróòro ń gbà, tí inú bá wá le, tó ń run ún gidi gan-an, tí ara sì gbóná mọ́ ọn, ẹ má ra nǹkan kan ní kẹ́mísì mọ́ o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, ì báà jẹ́ òru.

Ègé yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ẹ̀ kẹ́ ẹ lè fi wé ohun tẹ́ ẹ rí. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó funfun, ó pẹlẹbẹ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, àmọ́ ó gùn jù ú lọ, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sí méjì. Á nà, á tún súnkì, bó ṣe ń rìn nìyẹn. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á gbẹ, á kéré sí i, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹlòmíì á tiẹ̀ rò pé ìrẹsì ló bọ́ sára aṣọ òun. Ègé ti màlúù lágbára, kì í dúró de ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ yàgbẹ́, ó lè fúnra ẹ̀ rìn jáde ní fùrọ̀ lọ́sàn-án gangan, èèyàn á kàn ṣàdédé mọ̀ pé nǹkan tútù kan ń rìn nídìí òun. Ti ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń bá ìgbẹ́ jáde ni, ó sì máa ń so mọ́ra wọn ní méjì mẹ́ta. Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé ti ọkọ yín jọ ti màlúù nìyẹn, torí ẹ ní inú bọ́kísà náà ló ti ń rí i. Ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin láti sọ nǹkan báyìí síta, ti pé ó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ó ṣe dáadáa, ẹ bá mi kí i.

Jẹ̀díjẹ̀dí tí ìyá sọ, mo mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ìdí yíyún àti inú rírun wà nínú ohun tá a máa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí láwùjọ wa. Àmọ́ jẹ̀díjẹ̀dí kì í yọ nǹkan abẹ̀mí jáde. Ohun tó bá ti ń mira, aràn ni, ó wá ku irú aràn tó jẹ́. Èyí tó gùn tó sì rí róbótó, tó lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tó máa ń jáde lára àwọn ọmọ wa, kì í ṣe pẹlẹbẹ nìyẹn. Àwọn fẹ́ẹ́rẹ́ tíntìntín tó ń yún ọmọdé ní ìdí tí ò ní jẹ́ kó sùn lóru, tí wọn ò tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, ìyẹn náà ọ̀tọ̀ ni. Àwọn yẹn ni oògùn kẹ́mísì tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún. Albendazole, tó wà lára oògùn kẹ́mísì yẹn, 400 mílígíráàmù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò tó fún aràn pẹlẹbẹ, ẹ má sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún yín, oògùn yẹn dáa, àìsàn yìí nìkan ni kì í ṣe tiẹ̀.

Àgbo náà ń kọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò béèrè, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó fi lọ̀ yín tí ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Aràn yìí ò ní ẹnu, kò ní ìfun, gbogbo ara ẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ tó ti dà nínú wa mu. Orí ẹ̀ kéré gan-an, kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ, ibi mẹ́rin ló fi ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, ti ẹlẹ́dẹ̀ tún ní ìwọ̀ kéékèèké tó fi ń kọ́ ọ mọ́ra. Ọrùn ẹ̀ ló ti ń hu ègé tuntun, àwọn tó bá ti gbó á bọ́ sí ìdí pátápátá, wọ́n á sì máa já bọ́ ní bíi mẹ́fà lóòjọ́. Tí wọ́n bá wá fún èèyàn ní àgbo tó ń ṣí inú, ó lè já aràn yẹn sí méjì lóòótọ́, gígùn rẹ̀pẹ̀tẹ̀ á jáde, gbogbo ilé á máa dúpẹ́, àmọ́ tí orí bá ṣẹ́ kù sínú, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta á ti hù padà, ègé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn tó ń sọ pé àwọn lo àgbo tó sì jáde ò purọ́, ibi tọ́rọ̀ kù sí nìyẹn.

Ẹ béèrè pé ṣé ẹni tí ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè ní in. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ti màlúù, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní láàbù ni Taenia saginata. Ẹni tó bá ní in lára á yàgbẹ́ sínú igbó tàbí etí odò, màlúù á jẹ koríko ibẹ̀, ẹyin aràn á pa nínú màlúù, ọmọ ẹ̀ á lọ wọnú iṣan ẹran, á di àpò omi funfun kékeré kan tí ò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn wolé-wolé fi máa ń fi ọ̀bẹ la ẹran àgbọ̀n, ahọ́n àti ọkàn màlúù lódò ẹran, wọ́n ń wá a ni. Ẹran tí wọn ò yẹ̀ wò, tí èèyàn wá yan tí iná ò dé inú ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò lára ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kárà á máa jẹ ẹran lójú iná pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ rọra bi í léèrè bóyá ó máa ń jẹ súyà tàbí ẹran sísun tí ò jinná dénú. Láti ìgbà téèyàn bá jẹ ẹ́ dìgbà tí ègé máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta.

Irú méjì míì wà tí mo máa kàn yà bà. Ọ̀kan kékeré wà tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, àwọn ọmọdé ni ó wọ́pọ̀ lára wọn, èèyàn lè kó o ràn èèyàn láìsí ẹran kankan láàárín, tó bá pọ̀ nínú ọmọ, inú á máa run ún, ìgbẹ́ á máa ya gbuuru, kò ní fẹ́ jẹun. Èkejì ń wá látara ẹja odò tútù tí wọ́n jẹ ní àìsè, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ àwọn ẹbí tó wà lókè òkun tí wọ́n ti ń jẹ ẹja tútù kó mọ̀ pé ìyẹn lè fa fítámì B12 tán lára, kí ẹ̀jẹ̀ wá máa dín kù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí eléyìí torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ jù. Aràn tó wà nínú ìfun kì í gun orí. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí àpò omi yẹn wà nínú ẹ̀, tí ò sì jinná, aràn gígùn ló máa ní nínú ìfun, Taenia solium lorúkọ tiẹ̀. Ẹni yẹn á wá máa yàgbẹ́ tí ẹyin aràn pọ̀ nínú ẹ̀, ègé kan ṣoṣo lè ní ẹyin tó tó 50,000. Tí ẹyin yẹn bá wá dé ẹnu ẹlòmíì, látọwọ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, látinú omi, látinú ẹ̀fọ́ tí wọn ò fọ̀, tàbí tí ẹni náà fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sẹ́nu ara ẹ̀, ẹyin á pa nínú ìfun, ọmọ ẹ̀ á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, á lọ jókòó sínú ẹran ara, abẹ́ awọ, ojú, tàbí ọpọlọ. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé ẹ̀ lè ní i nínú ọpọlọ, torí ìgbẹ́ èèyàn ló ti wá.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní Brooklyn ní New York, àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú gidigidi, tí ẹlẹ́dẹ̀ ò wọlé wọn rárá, mẹ́rin nínú wọn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ní gìrì, wọ́n ya àwòrán orí wọn, wọ́n bá ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, ọdún 1992 ni wọ́n gbé ìròyìn ẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n tọpa ẹ̀, wọ́n yẹ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé wò, ọ̀kan nínú wọn ní aràn nínú, àìsàn ò sì ṣe é, kò mọ̀. Ẹ má gbé ẹ̀bi fún onítọ̀hún, ẹnikẹ́ni lè ní in kó má mọ̀, ohun tí mo ń sọ látòkè nìyẹn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn èèyàn òkè Paniai ní Papua, lábẹ́ ìjọba Indonesia. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ní àrùn yìí ti ibòmíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Òtútù pọ̀ lórí òkè yẹn, ìdí iná ni wọ́n ń sùn sí nínú ahéré. Kò pẹ́, ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó jóná, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àwọn tí gìrì gbé ṣubú sínú iná lójú oorun. Iná jíjó yẹn ló jẹ́ kí wọ́n wá ìdí wárápá tuntun tó dé bá wọn.

Àmì ti ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ tó bá wọ ara tàbí ọpọlọ nìyí, ẹ fi sọ́kàn fún gbogbo ilé, kì í ṣe fún ọkọ yín nìkan. Àgbàlagbà tí kò ní gìrì rí tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní i. Orí fífọ́ líle tí kò lọ, tí èébì tàbí òòyì tẹ̀ lé e. Ojú tó ń ṣú tàbí tó ń ríran méjì. Kókó kéékèèké lábẹ́ awọ tí kì í dunni. Ó lè pẹ́ kó tó yọjú, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Íńdíà láyé ọjọ́sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wárápá ò bẹ̀rẹ̀ lára wọn àfi ìgbà tí wọ́n ti padà sílé fún ọdún mélòó kan. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé láwọn agbègbè tí aràn ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ́pọ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó ní wárápá ló jẹ́ pé òun ló fà á. Ó wà ní Nàìjíríà, ó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe sí oní-wárápá láàárín wa, àwọn kan ò ní fọwọ́ kàn án, wọ́n ní itọ́ ẹnu ẹ̀ ń ranni, àwọn kan á máa da àgbo ìtọ̀ màlúù sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí gìrì ń gbé e lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, wárápá kì í ti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíì nípa fífọwọ́kàn tàbí itọ́. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí ẹ̀, ẹ fi í lé ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa ya sikáànì orí.

Ti ọkọ yín báyìí. Ẹ wá ike kékeré tó ní ìdérí, tó mọ́. Ìgbà tó bá tún rí ègé, kó fi igi tàbí rọ́bà ìbọ̀wọ́ mú un sínú ẹ̀ pẹ̀lú omi tó mọ́ díẹ̀, kó dé e, kó fi ọṣẹ fọwọ́, kó gbé e lọ sí láàbù ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kó mú ìgbẹ́ náà lọ, ó máa dáa kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò, torí ẹyin kì í jáde lójoojúmọ́. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ègé yẹn ni pé lójú maikirosíkóòpù, ẹyin ti màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ò yàtọ̀ síra rárá. Ègé ló ń tú àṣírí. A máa ń fi í sáàárín gíláàsì méjì, a á rọra tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, tá a bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ilé-ọmọ ẹ̀ á hàn láàárín, igi kan gbọọrọ tó ya ẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì. A á ka ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ kan. Ti ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 7 sí 13, ti màlúù 12 sí 30. Tó bá ti tó 18 tàbí 20, ọkàn wa balẹ̀ pé ti màlúù ni.

Oògùn tí dókítà máa kọ ni praziquantel tàbí niclosamide, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Praziquantel yìí náà ni wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ iléèwé nítorí àtọ̀sí ajá, àmọ́ ìwọ̀n ti aràn pẹlẹbẹ kéré sí tiyẹn dáadáa, bí ara ṣe wúwo ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ nílé. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa: tí gìrì bá ti gbé ọkọ yín rí, tàbí tí orí líle bá ń fọ́ ọ lemọ́lemọ́, kó sọ fún dókítà kó tó gbé praziquantel mì. Tí ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ bá wà nínú ọpọlọ láìjẹ́ pé a mọ̀, oògùn yẹn á dé ibẹ̀, ọpọlọ lè wú, gìrì sì lè bẹ̀rẹ̀. Niclosamide kì í kúrò nínú ìfun, ìdí nìyẹn tí dókítà míì fi máa mú un dípò.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ má retí pé gbogbo aràn máa jáde lódindi, ó lè ti jẹrà kó tó jáde. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù kan àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló máa sọ bóyá orí ẹ̀ ti kú.

Kó tó dìgbà yẹn, ṣáláńgá tàbí tọ́lẹ́ẹ̀tì ni kó máa lò, kó má lọ sínú igbó ẹ̀yìn kárà, torí àwọn màlúù ń jẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ti fi omi bútà ṣe tahárà tán, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì kó tó fọwọ́ kan abọ́ tàbí ọmọ, kó gé èékánná, kẹ́ ẹ máa fi omi gbígbóná fọ bọ́kísà ẹ̀. Ẹran, ẹ bọ̀ ọ́ kó jinná títí kò fi ní pupa láàárín mọ́. Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ, tẹ́ ẹ bá ti jọ ń jẹ ẹran yíyan yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ tiyín náà wò, bí nǹkan kan ò tiẹ̀ ṣe yín.

Tí èsì láàbù bá jáde, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú wọn. Tí wọ́n bá kọ Taenia saginata, ẹ sùn dáadáa. Tó bá jẹ́ "Taenia species" nìkan ni wọ́n kọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹyin nìkan ni wọ́n rí, wọn ò tíì mọ irú tó jẹ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ka ẹ̀ka inú ègé tí ẹ gbé wá. Tó bá sì jẹ́ solium, gbogbo ilé ni kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹni tí orí ti ń fọ́ tàbí tí gìrì ti gbé rí láàárín yín ṣíwájú.